Ikúbọlájẹ́ ti Agbowó

Bí o bá dé Agbowó tí o ní ilé Bàbá Pósófíìsì lò ń wá, ẹni àkọ́kọ́ tí o bá bi ni yóò júwe rẹ̀ fún ọ: ilé alájà kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, lẹ́yìn ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Ọ̀gbẹ́ni Ikúbọlájẹ́ lò ń bi, wọn yóò wò ọ́ tìyanu-tìyanu, ẹlòmíràn á sì ní kí o tún un pè. Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Olúṣẹ̀yẹ Ikúbọlájẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fún ọdún pípẹ́, ohun tó ń dun ọkùnrin yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Yàtọ̀ sí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, kò tíì rí ẹ̀dá alààyè kan tó bá a tan láti ìhà bàbá rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù kí òun má lọ kú láìrí wọn.

Orúkọ náà kì í ṣe èyí tó ń dùn lẹ́nu pè. Ikú ba ọlá jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀: ọ̀fọ̀ ńlá kan ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí wọ́n sì wò kí wọ́n tó sọ èyí, omijé ló kún ojú ẹni tó wò ó. Adéwùnmí pọ̀ nílẹ̀, Akínbíyìí pọ̀ nílẹ̀, nítorí ta ni adé kì í wù, ta ni kì í fẹ́ jẹ́ ọmọ akin? Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ara líle, tí yóò wá fa Ikúbọlájẹ́ yọ fún ọmọ tuntun? Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n.

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, káfíńtà tó gbé Òkè-Àdó títí ọlọ́jọ́ fi dé, ló fi orúkọ náà lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọmọ bá bi í pé ìlú wo ni wọ́n ti wá, á ní ọ̀nà jíjìn ni, á sì tún mú ayùn rẹ̀. Kò sí ilà lójú rẹ̀ tí ènìyàn ì bá fi mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò, kò sí ìyá àgbà kan tó ń ti oko gbé iṣu bọ̀. Bí ọdún bá dé, tí àwọn ọmọ yòókù ládùúgbò bá òbí wọn lọ sí ìlú wọn, Olúṣẹ̀yẹ a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, a máa kó èérún pákó jọ. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé bàbá bàbá òun ló ń jẹ́ Ikúbọlájẹ́, àti pé níbikíbi tí orúkọ náà bá wà, ibẹ̀ ni ilé àwọn wà. Ta ló lè dá a lẹ́bi? Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ìwé nìyẹn.

Bóyá ìdí nìyí tí iṣẹ́ pósófíìsì fi wù ú. Dùgbẹ̀ ló ti ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì, inú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń pín lẹ́tà sí àpò. Láyé ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń kọ lẹ́tà, kò sí orúkọ tí kì í gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá rí Ṣó níwájú orúkọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń na sí àpò Abẹ́òkúta tàbí ti Ìjẹ̀bú. Bí ó bá rí Akín, á rò ó sí Oǹdó. Bí ó bá rí Ọ̀jẹ̀, á rò ó sí apá Ọ̀yọ́. Ó máa ń ṣì í nígbà mìíràn, nítorí Yorùbá kì í gbé ojú kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá bọ́ sí i máa ń dùn mọ́ ọn. Láàárín gbogbo rẹ̀, orúkọ kan ló ń fi ojú wá. Lọ́jọ́ kan ó rí i, gàdàgbà, lójú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Lẹ́tà ìgbéga tirẹ̀ ni, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti orílé-iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá a yọ̀, wọn ò mọ̀dí tí ojú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sókè lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí Fọláwùmí, ọmọ rẹ̀, fẹ́ lọ sílé ọkọ, ẹbí ọkọ kún inú ọkọ̀ akérò wá. Láwùmí, ìyá ọmọ náà, ní ẹbí bí eéṣú. Ti bàbá ni kò sí. Olúṣẹ̀yẹ lọ yá ẹbí ni. Ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ kí wọ́n wá bá òun jókòó, ó fi ọ̀kan ṣe ẹ̀gbọ́n, ó fi ọ̀kan ṣe bàbá kékeré, Bàbá Akínbíyìí tó ń ṣọ́ géètì sì di olórí ẹbí lọ́jọ́ náà, ó ṣàdúrà débi pé ẹnu ya àwọn àna. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ní Dùgbẹ̀, òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí Láwùmí kú. Lẹ́bàá sàréè, àlùfáà ní kí ẹbí ọkọ dìde wá bu erùpẹ̀. Fọláwùmí ti wà ní Kánádà nígbà náà, inú fóònù ló ti ń wo ìsìnkú ìyá rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ nìkan ló dìde. Ó bu erùpẹ̀, ó dà á, ó padà lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí kò sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe, bí òwe lásán ló ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ yẹn ló yé e.

Fọláwùmí ò fẹ́ kí bàbá òun máa dá rò kiri. Ó wọ orí Fesibúùkù, ó tẹ orúkọ náà, ó sì rí tíṣà kan ní Àkúrẹ́ tó ń jẹ́ ẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Olúṣẹ̀yẹ ti ran ṣòkòtò tuntun, ó ti wọ mọ́tò ní Ìwó Róòdù. Tíṣà náà gbà á bí ọba, ìyàwó rẹ̀ gún iyán. Ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ nù tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to bàbá lé bàbá, bàbá ńlá lé bàbá ńlá. Ti tíṣà yìí, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ àgbà ni ọba ìlú wọn wàjà, ìdí orúkọ tiwọn nìyẹn. Gbogbo ará ilé wọn ló mọ̀ ọ́n, wọn ò sì sọ ọmọ nù rí. Ikú tó ba ọlá jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ikú kan náà. Tíṣà sìn ín dé gáréèjì, ó ní bí kò bá burú, kí àwọn máa pe ara àwọn ní mọ̀lẹ́bí. Olúṣẹ̀yẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Láti Àkúrẹ́ títí dé Ìbàdàn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, nígbà tó sì délé, ó sọ fún Fọláwùmí pé kó má wá wọn mọ́.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ jókòó ti ara rẹ̀. Lówùúrọ̀ a gbálẹ̀, a se ẹ̀kọ gbígbóná, a gbọ́ ìròyìn. Ní ọjọ́ Àìkú a retí fóònù Kánádà. Fúlàátì tó kọjú sí tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé náà ni Adéfọlárìn Gbádérọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Tiwalọlá, ń gbé. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ring Road ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń bu oúnjẹ fún un, wọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀ ju Bàbá Pósófíìsì lọ. Nígbà tí Tiwalọlá bímọ, ẹ̀gbọ́n bàbá Adéfọlárìn, màmá kan tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, tó ń jẹ́ Àbẹ̀ḿbí, wá láti ilé láti wá wẹ ọmọ. Apá Òkè-Ògùn ni ìlú wọn wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣì wà láàyè, èmi ò sì wá ìjà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ ni màmá náà kan ilẹ̀kùn Olúṣẹ̀yẹ. Ó kí i dáadáa, ó ní ẹ̀bẹ̀ kan lòun bá wá. Gbogbo fèrèsé ilé náà ni lándílọ́ọ̀dù ti fi irin dí nítorí olè, àfi ti yàrá Olúṣẹ̀yẹ tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, tí irin rẹ̀ ti dípẹtà, tí wọ́n yọ, tí wọn ò tíì dá òmíràn padà. Ṣé bàbá á jẹ́ kí àwọn gba ojú fèrèsé náà gbé ọmọ jáde láàárọ̀ ọ̀la?

Olúṣẹ̀yẹ rò pé etí òun ló ṣì gbọ́. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ilé àwọn ni, kó má jẹ́ kó yà á lẹ́nu. Nílé tiwọn, ọmọ tuntun kì í ti ẹnu ọ̀nà jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa sọ ọ́ lórúkọ. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbé e gbà, ẹnì kan á wà nínú, ọmọ ilé kan á wà níta tó máa gbà á. Àṣà yìí kò sí nílé mìíràn nílùú wọn, kódà wọ́n máa ń fi bú wọn pé ọmọ ojú fèrèsé.

Olúṣẹ̀yẹ bojú wẹ̀yìn, ó wo fèrèsé náà. Ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ ló padà wá bá a. Nígbà tí Fọláwùmí pé ọjọ́ mẹ́jọ, nínú ilé Òkè-Àdó, bàbá Olúṣẹ̀yẹ gba ọmọ lọ́wọ́ Láwùmí, ó ní kí Olúṣẹ̀yẹ lọ dúró lẹ́yìn ilé, ó sì gbé ọmọ náà fún un láti ojú fèrèsé. Àwọn ará ìjọ rò pé bàbá ti ń ṣarán. Bàbá ní, “Báyìí ni wọ́n ń ṣe é nílé wa,” kò sì tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Olúṣẹ̀yẹ a máa sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ bí ìtàn apanilẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ìwákiri rẹ̀, kò ronú kàn án rí pé òun lè béèrè nípa fèrèsé. Orúkọ ló ń wá.

Kò sọ nǹkan kan fún màmá náà nígbà yẹn. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ láàárọ̀, ó sì gbálẹ̀ yàrá náà, ó nu ojú fèrèsé léraléra. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ọmọ gba ibẹ̀. Màmá wà nínú, Adéfọlárìn wà níta, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wá sọ ọmọ lórúkọ jókòó sí pálọ̀ àwọn Adéfọlárìn, ó ń ṣí Bíbélì bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, màmá gbé ọmọ náà lé Olúṣẹ̀yẹ lọ́wọ́ láti fi dúpẹ́. Ara ọmọ náà gbóná, ó ń yán. Olúṣẹ̀yẹ ń wo etí rẹ̀, ó ń wo iwájú orí rẹ̀, ó ń wá bàbá rẹ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé ó ń tijú.

Lọ́sàn-án, tí àwọn àlejò ti lọ, màmá tún gbé ọmọ wá jókòó tì í. Olúṣẹ̀yẹ wá sọ ọ́. Ó ní bàbá òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òun, láti ojú fèrèsé, ní Òkè-Àdó. Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kò lè jẹ́ ohun kan náà. Ìgbà tó rí ojú rẹ̀ ló béèrè:

“Kí ni bàbá yín ń jẹ́?”

“Ikúbọlájẹ́.”

 Màmá náà ká ọmọ mọ́ àyà, ó bo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìborùn, ó sì pe Tiwalọlá pé kó tètè wá gbé e. Nígbà tí ilẹ̀kùn fúlàátì kejì dún pé wọ́n ti wọlé, ó bi Olúṣẹ̀yẹ bóyá bàbá rẹ̀ ní àpá iná ní apá òsì. Olúṣẹ̀yẹ ní ó ní. Ó bi í bóyá ọmọdé ni nígbà tó dé Ìbàdàn. Olúṣẹ̀yẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìbàdàn náà ló ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò nu ojú.

Ohun tó sọ nìyí. Bàbá àgbà wọn jẹ́ olówó, oko rẹ̀ lọ súà, àlejò kì í wọ́n nílé rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ àbíkẹ́yìn rẹ̀ lórúkọ, ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kú. Àkókò ò sí. Oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ bá ọmọ láìní orúkọ, wọn ò sì lè gbé ọmọ tuntun dá òkú bàbá rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé e gba ojú fèrèsé. Wọ́n sọ ọ́ ní Ikúbọlájẹ́. Kí ọdún tó yí, ìyá ọmọ náà tún kú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹsẹ̀ tí ọmọ yìí gbé wáyé kò dára. Ó ń dàgbà, wọ́n ń yẹra fún un, bí ẹran bá kú, òun ni. Bí òjò bá pẹ́, òun ni. Nígbà tí tíṣà kan ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ń ṣí lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Wọn ò bi í pé ìgbà wo ló máa dá a padà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ ilé náà ló ń gba ojú fèrèsé jáde, kí ikú má baà mọ ẹnu ọ̀nà wọn. Orúkọ ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé gba ibẹ̀, wọn kì í pè é. Gbádérọ̀, bàbá Àbẹ̀ḿbí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ló sọ ọ́ fún un nígbà tí ó ń dágbére fáyé.

“Kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń jẹ́ Gbádérọ̀?” Olúṣẹ̀yẹ ló béèrè. “Kí ló dé tí n kò rí yín?”

Màmá ní kí ló tún fẹ́ kí àwọn jẹ́. Nígbà tí ilé ìwé dé, olúkúlùkù ọkùnrin fi orúkọ tirẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọmọ Gbádérọ̀ ń jẹ́ Gbádérọ̀, ọmọ Ògúnjìmí ń jẹ́ Ògúnjìmí, ọmọ Adéwùnmí ń jẹ́ Adéwùnmí. Bàbá kan náà ló bí gbogbo wọn. Ikúbọlájẹ́ náà ti ní láti dá tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Màmá wá ń ka ibi tí wọ́n wà. Àwọn kan wà ní Mọ̀níyà, wọ́n ń dáko. Ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge. Ògúnjìmí tó ń ta ìṣó àti irinṣẹ́ ní Òkè-Àdó láyé àtijọ́, ọmọ ilé àwọn ni. Olúṣẹ̀yẹ mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń ra ìṣó. Bóyá bàbá mọ ẹni tó ń bá ná ọjà, bóyá kò mọ̀. Èyí tó burú jù nínú méjèèjì ni Olúṣẹ̀yẹ ò lè sọ. Ó rántí gbogbo lẹ́tà Gbádérọ̀, lẹ́tà Ògúnjìmí, tó ti lu òǹtẹ̀ lé, tó jù sínú àpò láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

Màmá náà ti ń pè é ní ìwọ báyìí. Kò fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ mọ́, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀ ló ń bá a sọ ọ́, ó sì ń dùn mọ́ Olúṣẹ̀yẹ bí oyin. Nínú ayọ̀ náà ló ti dìde, tó ní kí òun lọ gbé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nísinsìnyí tí òun ti mọ̀ pé ọmọ òun ni. Màmá na ọwọ́, ó dá a dúró.

“Rárá, àbúrò mi. Má bínú sí mi.”

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ni Olúṣẹ̀yẹ fi gbé ọmọ náà, kò sì tún gbé e mọ́. Màmá yìí ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó mọ Sáàmù lórí, ẹ̀rù pé ikú ń tẹ̀ lé orúkọ náà kò sì kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọmú gbé wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Inú bí Olúṣẹ̀yẹ. Ẹ pa àṣà mọ́, ẹ lé ọmọ tó ni àṣà jáde. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó gbé e mì.

Màmá pe olórí ẹbí lórí fóònù lójú rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, ó jáde lọ síta láti lè gbọ́ dáadáa. Ó padà wá pẹ̀lú èsì. Ilé ti gbà. Kó máa bọ̀ wá mọ bàbá àgbà rẹ̀, wọn á fún un ní yàrá, wọn á fi ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọmọ ilé sí hàn án. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́. Kó má gbé orúkọ náà wọlé. Kó jẹ́ Gbádérọ̀ bí àwọn Adéfọlárìn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ náà ṣáà ni, kì í ṣe àjèjì.

Ẹ̀yin tí ẹbí yí ká, ẹ lè rò pé kò le. Ó le. Ó ń wo ilé kan tó kún fún ènìyàn, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pè é láti yàrá dé yàrá, ó ń rí ẹni tó máa dìde bí àlùfáà bá ní kí ẹbí wá bu erùpẹ̀. Ó pe Fọláwùmí. Fọláwùmí sunkún ayọ̀, ó sì ní, “Dádì, ẹ gbà fún wọn. Ṣé orúkọ lẹ ń wá láti ọjọ́ yìí ni, àbí ènìyàn?” Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Fọláwùmí alára ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀. Ibi tí ọkàn rẹ̀ ń padà sí ni ọmọdékùnrin kan tó dúró níwájú tíṣà nílé ìwé ní Ìbàdàn, tí wọ́n bi pé kí ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ará ilé rẹ̀ kan níbẹ̀. Ó lè pe ara rẹ̀ ní ohunkóhun. Orúkọ tí wọ́n fi ń sá fún un náà ló pè.

Ó kan ilẹ̀kùn kejì, ó ní kí màmá jáde wá. Ó dúró jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí ara má baà fu wọ́n nítorí ọmọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí wọn nílé. Ẹ ní mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi orúkọ bàbá mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé, a jẹ́ pé èmi náà bá wọn lé e jáde.”

 Màmá ní kò jẹ̀bi. Ó ní àwọn ará ilé náà ò ní gbà, òun mọ̀ wọ́n. Kò sí ohun tí ọ̀kan lè ṣe fún èkejì.

Láti ìgbà náà, Tiwalọlá ṣì ń kí i, àmọ́ bí ó bá gbé ọmọ dání, á kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn ọmọ sí i. Ó ń tijú bí ó ti ń ṣe é. Olúṣẹ̀yẹ a ṣe bí ẹni tí kò rí i, a wọlé lọ.

Nígbà tó tó àkókò tí màmá máa padà sílé, ọkọ̀ tó máa gbé e dé Mọ̀níyà dúró lẹ́nu géètì, Adéfọlárìn tó ń sìn ín lọ ń kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Màmá gbàdúrà fún ọmọ, ó gbá Tiwalọlá mọ́ra. Ó wá yà sí ẹnu ọ̀nà Olúṣẹ̀yẹ. Kò wọlé. Ó wo ẹ̀yìn, ó wò bóyá ọmọ jìnnà tó. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ gbígbóná wò:

“Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ Ikúbọlájẹ́. Mo ń lọ o, àbúrò mi.”

Nọ́ọ̀sì ti pe orúkọ náà rí, akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ ti pè é, gbogbo wọn ló sì dá lóhùn. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó jẹ́ ti ilé bàbá rẹ̀ tó pè é rí. Ó fẹ́ dáhùn.  Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mi orí pé òun gbọ́, màmá sì dúró díẹ̀, ó ń retí, ó wá yí padà lọ sínú ọkọ̀. Ìgbà tí ohùn Olúṣẹ̀yẹ yóò fi jáde, tó ní “Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ọkọ̀ ti yà sí títì, Tiwalọlá sì ti gbé ọmọ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.